Ọdún Tí Mo Fi Ẹ̀rù Ka Ìròyìn

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé fóònù yín sílẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé mo bínú sí i, àmọ́ mo rí bí ẹ ṣe ń fi àtàǹpàkò yí ìròyìn sókè, tí ẹ ń yí i sísàlẹ̀. Ẹ rí i pé ilé jó níbì kan, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ sì yí i kọjá. Nígbà tiwa, kí ìròyìn kan tó wọ ilé ènìyàn, àwọn kan á ti fi ẹsẹ̀ rìn nítorí rẹ̀, òjò á ti pa wọ́n nítorí rẹ̀. Mo mọ̀ wọ́n. A jọ jẹun nínú abọ́ kan náà.

Kí àwọn òbí yín tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Màmá, Àǹtí Oníròyìn ni wọ́n ń pè mí káàkiri Abẹ́òkúta. Bí mo bá kọjá ní Ìtòkú, àwọn ọmọdé á máa sín ohùn mi jẹ lẹ́yìn mi, wọ́n á máa kí ara wọn pé ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán wa kò tóbi. Orí òkè kékeré kan lẹ́yìn ìlú ni wọ́n kọ́ ọ sí, ilé gígùn olórùlé páànù kan, pẹ̀lú òpó irin gíga tí ó ń gbé àwòrán wa lọ sí ìlú. Agbára òpó náà kò fi bẹ́ẹ̀ kọjá Odeda lápá kan, kò sì kọjá Wásinmi lápá kejì. Bí ìjì bá ń jà, àwọn ará Ọ̀fàdà á ní ojú mi ń mì bí ẹni tó wà lábẹ́ omi.

Ìró jẹnẹrétọ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá ń gun òkè náà lọ. Ó máa ń wúkọ́ bí arúgbó kó tó dúró lórí ohùn kan. Lẹ́yìn náà ni màá gbọ́ àwọn tó ń tẹ ìròyìn lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tá-tá-tá, bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù. Ọ̀gá Olúdé ni olórí ẹ̀ka ìròyìn wa, ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí orógbó kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí a ó fi parí iṣẹ́. Òun ni ó máa ń pín wa láàárọ̀: ẹni tí yóò lọ sí kóòtù, ẹni tí yóò lọ sí ààfin, ẹni tí yóò lọ wo afárá tí omi gbé lọ.

Múfútáù ni ó máa ń gbé kámẹ́rà. Ọmọ Ìtòkú ni, ọmọ Àlàájà Sàfú tó ń ta àdìrẹ. Ìdílé wọn ti ń tajà láti ìgbà bàbá àgbà wọn, ẹnu sì ya gbogbo wọn nígbà tí ọmọ náà ní òun kò ta aṣọ, àwòrán ni òun fẹ́ máa yà. Kámẹ́rà ìgbà yẹn wúwo bí ọmọ ọdún mẹ́ta, ẹ̀rọ téèpù rẹ̀ tún wà lọ́tọ̀ tí èèyàn á gbé kọ́ èjìká. Bàbá Káyọ̀dé ni awakọ̀ wa, àgbàlagbà pẹ̀lẹ́ kan láti Ọ̀fàdà. Bí wọ́n bá kórè, ìyàwó rẹ̀ á fi ìrẹsì ránṣẹ́ sí wa. Bí a bá sè é, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ọ́fíìsì títí dé sítúdíò.

A máa ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn o. Ọjọ́ kan wà tí Múfútáù ya ìwúyè olóyè kan látòkèdélẹ̀, kó tó mọ̀ pé òun kò fi téèpù sínú ẹ̀rọ. Ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín, ó tún jókòó, ó ní kí wọ́n tún fi ewé akòko sí òun létí. Ó ní tí wọ́n bá fi òun joyè lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n má tún ní òun kò joyè dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọdún kan wà tí mi ò lè rántí láìjẹ́ pé ara mi bù máṣọ. Láti ọyẹ́ kan títí di ọyẹ́ kejì, ẹ̀rù ni mo jẹ, ẹ̀rù ni mo mu.

Ìgbà Orò ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀gbá mọ̀ pé bí Orò bá gbòde, obìnrin kì í yọjú. Ọkùnrin tó máa ń ka ìròyìn lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí àìsàn ibà. Kò sí ẹlòmíràn. Ọ̀gá Olúdé bẹ̀ mí pé kí n ti wà ní ilé-iṣẹ́ láti ọjọ́ tó ṣáájú, kí n má sì jáde títí ìlú á fi tú sílẹ̀. Mo gbà. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé pa lọ́sàn-án gangan, wọ́n fi aṣọ dí àlàfo wọn. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́yìn tábìlì, mo ń gbọ́ ìró náà bó ṣe ń gba ẹsẹ̀ òkè wa kọjá. Mo bojú mi bí ẹni pé ojú mi lè gba inú ògiri jáde. Ohun tó wá ya mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo wọ sítúdíò, tí mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́, ẹ̀rù wá bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Sítúdíò kò ní fèrèsé, wọ́n sì fi ohun rírọ̀ bo ògiri rẹ̀ kí ariwo má baà wọlé. Ohun tí èèyàn ń gbọ́, ó mọ ibi tó wà. Èyí tí kò gbọ́ ńkọ́? Mo ka ìròyìn náà tán pẹ̀lú òógùn lábẹ́ gèlè. Kò sì sí ohun tó ṣe mí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo wá mọ̀ pé ìbẹ̀rù yẹn ní ìlànà. Ó ní ọjọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀, ó ní àgbà tó ń bójú tó o. Ìbẹ̀rù tó ń bọ̀ wá bá wa nígbà òjò kò ní àgbà kankan.

Ìbò dé. Ìlú pín sí méjì. Ọkọ kò bá aya sọ̀rọ̀ nítorí olóṣèlú tí kò mọ orúkọ àwọn méjèèjì. Àwọn ọmọkùnrin tí a mọ̀ ní ọmọlúàbí bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ọkọ̀ akẹ́rù kiri pẹ̀lú igi lọ́wọ́. Àwọn ìyá máa ń tètè kó ọjà wọn ní ìrọ̀lẹ́, òkè wa sì máa ń dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́ bàtà ara mi.

Lọ́jọ́ kejì ìdìbò, ìròyìn kan wọlé láàárọ̀ pé wọ́n ń kó àpótí ìbò wọ inú ilé ẹnì kan lọ́nà Wásinmi. Ọ̀gá Olúdé rán Múfútáù àti Bàbá Káyọ̀dé lọ. Mo rí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ. Bàbá Káyọ̀dé ń fi aṣọ nu gíláàsì ọkọ̀, Múfútáù ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ káwọn tètè máa lọ. Títí di ọ̀sán wọn kò dé. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, awakọ̀ kan tó ń kó ìsáná bọ̀ láti ọ̀nà ibẹ̀ yà sọ́dọ̀ wa. Kò fẹ́ jókòó. Ó ní òun rí ọkọ̀ kan tó ń jóná lẹ́bàá ọ̀nà, àwòrán òpó irin wa ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. A bi í bóyá ó rí ènìyàn. Ó ní òun kò dúró.

A ṣì wà lórí ìdúró yẹn nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù méjì gun òkè wa wá. Àwọn ọmọkùnrin bọ́ sílẹ̀, wọ́n pọ̀ débi pé wọ́n kún àgbàlá. Olórí wọn wọ dàńṣíkí funfun tó mọ́ nigínnigín, ohùn rẹ̀ sì tutù bíi ti olùkọ́ ọmọ kékeré. Ó nawọ́ ìwé kan sí Ọ̀gá Olúdé, ó ní kí á kà á nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́ pé ẹni tiwọn ló wọlé ìbò. Ọ̀gá Olúdé ní àwọn tó ń ka ìbò kò tíì fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí wa. Ọ̀kan nínú wọn gbá a létí tó bẹ́ẹ̀ tí orógbó fi fò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà náà ni olórí wọn yíjú sí mi. Ó tilẹ̀ tẹrí ba díẹ̀.

"Ẹ má bẹ̀rù, Àǹtí. Ìyá mi fẹ́ràn ohùn yín. Ọmọ Ìtòkú yẹn àti awakọ̀ yín wà lọ́wọ́ wa. Bí ẹ bá kà á, wọ́n á délé. Bí ẹ ò bá kà á, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ igbe ẹkún, mo ti gbọ́ ariwo iná, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.

Wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé mi wọ sítúdíò. Ọ̀gá Olúdé fi ọwọ́ di etí rẹ̀ mú, ó sọ fún wọn pé bí ẹnì kan bá wúkọ́ níbẹ̀ gbogbo ìlú á gbọ́, wọ́n á sì mọ̀ pé tipátipá ni. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n létí. Wọ́n jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tó wà níbi tí a ti ń gba àlejò, wọ́n ní àwọn á máa wò mí. Ọ̀gá Olúdé tẹ̀ lé mi dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀.

Ó ní, "Mi ò lè sọ pé kí o kú nítorí ìròyìn. Ohun tó bá wà lọ́kàn rẹ ni kí o kà. Ẹnikẹ́ni kò ní bi ọ́, èmi náà kò ní bi ọ́."

Mo ti ilẹ̀kùn nínú. Mo jókòó. Nǹkan tí wọ́n máa ń sọ ni pé bí iná bá ń jóni, tó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni là á kọ́kọ́ gbọ̀n. Mo ro ó bẹ́ẹ̀. Mo ro ó pé kí n kà á, kí Múfútáù wálé, kí olóṣèlú tó wù wọ́n máa ṣèjọba. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbé ìwé náà sókè, mo rí i pé bí mo bá kà á, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìlú tí yóò mọ̀ pé a nílò ìrànlọ́wọ́. Àwa nìkan la ó wà lórí òkè yẹn pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rù kíkú níbi tí ẹnì kan kò ti mọ̀ ni ó bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ní ìgboyà ni. Kì í ṣe ìgboyà.

Iná pupa tàn. Mo kí ìlú. Mo sì sọ báyìí:

"Ẹ̀yin ará ilé, ìwé kan wà lọ́wọ́ mi tí àwọn kan ní kí n kà fún yín. Wọ́n ní kí n sọ pé ẹni tiwọn ló wọlé ìbò. Àwọn tó ń ka ìbò kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Àwọn tó mú ìwé náà wá wà nínú ọgbà wa báyìí. Wọ́n ní Múfútáù, ọmọ Àlàájà Sàfú ní Ìtòkú, àti Bàbá Káyọ̀dé, awakọ̀ wa, wà lọ́wọ́ àwọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn wá lọ́wọ́."

N kò tíì pa ẹnu dé tí ilẹ̀kùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Lẹ́yìn náà wọ́n pa jẹnẹrétọ̀. Òkùnkùn yẹn, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Mo wọ abẹ́ tábìlì, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Mo ń gbọ́ igi lára ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ èémí ara mi, mo ń pe orúkọ ìyá mi tó ti kú. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Nígbà tó yá, igi dákẹ́. Mo gbọ́ ohùn obìnrin, tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Àwọn tó wà níta ló sọ ìyókù fún mi. Àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú máa ń wo ìròyìn wa nínú ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ orúkọ Múfútáù, wọ́n dìde bí wọ́n ṣe wà, aró ṣì wà lọ́wọ́ wọn dé ìgbọ̀nwọ́, àwọn mìíràn mú igi tí wọ́n fi ń ro aró lọ́wọ́. Bí wọ́n ṣe ń gba àdúgbò kọjá ni ọkùnrin àti obìnrin ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Àlàájà Sàfú ló ṣáájú, obìnrin kúkúrú tí ìbòrí rẹ̀ ti já sí èjìká. Ó lọ dúró síwájú ọmọkùnrin aláṣọ funfun yẹn.

Ó ní, "Ọmọ mi dà?"

Ọmọkùnrin náà ní kí màmá fara balẹ̀.

"Mo bi ọ́ léèrè ọmọ mi. Bí o bá mọ ibi tó wà, mú mi lọ. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o kò mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ní ó wo ilẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà sì pè é ní orúkọ ìkẹ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń pè é, torí ó mọ̀ ọ́n láti kékeré. Àwọn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ gun ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n lọ tán, Àlàájà Sàfú wá kan ilẹ̀kùn sítúdíò, ó ní kí n jáde, àwọn ìyá mi ti dé. N kò lè ṣí i. Mo ń fi ọwọ́ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Múfútáù padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó jókòó sórí ẹ̀gẹ́ nínú ọkọ̀ àgbẹ̀, ó wọ ṣòkòtò àgbẹ̀. Ó ti ya àwòrán àpótí ìbò wọ̀nyẹn tán nígbà tí wọ́n rí i. Bàbá Káyọ̀dé dábùú ọkọ̀ sójú ọ̀nà láti dá wọn dúró, ó ní kí Múfútáù fi kámẹ́rà sílẹ̀, kó sáré wọ oko. Ó sá títí ó fi dé abà kan. Bàbá tó ni abà náà ń bọ Ògún. Kò bi í ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó kàn tì í wọ yàrá òrìṣà rẹ̀, ó fi màrìwò dí ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí àwọn ọmọkùnrin náà dé, bàbá yẹn ní ẹni tó bá fẹ́ wò ó níbẹ̀ kó wọlé. Wọ́n wo màrìwò, wọ́n sì lọ. Múfútáù ní òun ń ka kéú jẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn níwájú irin Ògún, òun sì ń bẹ Ọlọ́run kí òun má sín. Kò gbé kámẹ́rà mọ́ láyé rẹ̀. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń ta aṣọ.

Bàbá Káyọ̀dé kò sá. Wọ́n lù ú, wọ́n sun ọkọ̀ náà níṣojú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ pákó ló gbé e dé ọsibítù ní Abẹ́òkúta. A máa ń lọ wò ó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ lè sọ̀rọ̀, ó bi mí pé àwòrán yẹn ńkọ́. Mo ní ó jóná pẹ̀lú ọkọ̀, Bàbá. Ó ní kò burú. Ara rẹ̀ kò padà. Ó ń joro, ó ń joro, títí ọyẹ́ fi dé.

Ọyẹ́ yẹn ni àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n dé òkè wa láàárọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Ọ̀gá wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó wọ gíláàsì ojú. Ó ní ìkéde ìjọba nìkan la ó máa kà, kò sí ìkéde òkú, kò sí ìkéde ìgbéyàwó, kò sí nǹkan mìíràn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Káyọ̀dé kú.

Ìyàwó rẹ̀ wá láti Ọ̀fàdà. Wọn kò jẹ́ kó kọjá ibi tí a ti ń gba àlejò. Mo jáde lọ bá a, mo ṣàlàyé òfin tuntun fún un. Ó tẹ́tí sí gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọkọ mi gbé ìròyìn gbogbo ènìyàn kiri. Ẹ bá mi gbé tiẹ̀."

Mo lọ bá ọ̀gá ológun náà. Ó bi mí bóyá olóṣèlú ni òkú náà. Mo ní awakọ̀ ni. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́, ó sì padà sí ìwé tó ń wò. Kò sọ pé kí n kà á, kò sọ pé kí n má kà á. Mo dúró títí, mo sì lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́, ológun kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà pẹ̀lú ìbọn. Mo bọ́ bàtà mi sábẹ́ tábìlì, kí n lè sáré bí ó bá yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ibi tí ènìyàn lè sá gbà nínú yàrá yẹn. Mo ka ìkéde ìjọba tán. Ó yẹ kí n kí ìlú pé ó dàárọ̀. Mo ní, "Awakọ̀ ẹ̀ka ìròyìn wa, Bàbá Káyọ̀dé ará Ọ̀fàdà, ti dolóògbé. Orí iṣẹ́ ni wọ́n ti lù ú. Ó fi aya àti àwọn ọmọ sáyé lọ. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Ológun náà mira. Mo di etí àga mú. Iná pupa kú. Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ń wo ẹsẹ̀ mi lásán lábẹ́ tábìlì. Ó fi èdè Yorùbá tí kò mọ́ ọn lẹ́nu bi mí bóyá mo fẹ́ sá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi.

Ìyá Káyọ̀dé wà níwájú tẹlifíṣọ̀n níbi tí mo fi í sí, àwòrán ti lọ, ó ṣì ń wò ó. Mo kúnlẹ̀ tì í.

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ. O pe Ọ̀fàdà dáadáa."

Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó sì ní kí n bá òun wá ọkọ̀ tó ń lọ sọ́nà ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.